Òkú Ni Wọ́n Pè, Èmi Ni Mo Dáhùn

Ìpè kejì ni mo tó dáhùn. Akọ̀wé tó wá ka orí ní abúlé ọkọ mi jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó gbé tábìlì kékeré síwájú, ọlọ́pàá kan sì dúró tì í. Ó ń pe orúkọ àwọn ará agbolé kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá pè ń dáhùn, ó ń fàmì sí i. Nígbà tó kan agbolé wa, ó pe ọkọ mi, ọkọ mi dáhùn. Ó wá pe orúkọ obìnrin kan tí n kò gbọ́ rí láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé náà.

Ẹnikẹ́ni kò fọhùn. Akọ̀wé gbójú sókè, ó tún orúkọ náà pè. Ìgbà náà ni ọwọ́ ìyá ọkọ mi kàn mí lẹ́yìn. Ọwọ́ náà tutù.

"Dáhùn," ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí. "Dáhùn, ìyàwó, kó máa bá tiẹ̀ lọ."

Mo ní, "Mo wà níbí."

Akọ̀wé wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ọdọọdún ni wọ́n ń sọ fún mi pé o wà lóko," ó wí. "Oko yẹn mà jìnnà o! Kú àbọ̀."

Àwọn ará agbolé yòókù rẹ́rìn-ín. Nínú ilé tiwa, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Mo wo ọkọ mi, ilẹ̀ ló ń wò.

Nígbà tí a padà délé, mo lọ bá ìyálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, níbi tó ti ń sẹ́ gàrí lẹ́yìnkùlé. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń jẹ́..." N kò tíì dé orí orúkọ náà tó fi ọwọ́ tó kún fún gàrí bò mí lẹ́nu.

"Má pè é nínú ilé yìí! Ìyàwó tó wà níbí kí o tó dé ni. Ó kú toyún-toyún."

Mo ti lóyún nígbà náà. Ọkọ mi nìkan ló mọ̀.

Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mò ń kọ yìí. Àwọn kan ṣì wà láàyè, àwọn kan ti lọ, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dáhùn níbi tí wọn kò pè é sí. Ohun tí mo fojú rí nìkan ni mo fẹ́ sọ.

Ìlaròó ni wọ́n bí mi sí. Mo ka ìwé mẹ́fà, mo lọ sí iléèwé mọ́dà, mo sì kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Aṣọ àwọn ọmọ iléèwé ni mo ń rán, mo sì ń san owó orí mi ní kánsù lórúkọ ara mi. Bàbá mi, tó ti ṣiṣẹ́ ní kánsù kan náà rí, kì í fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ìwé ìjọba. Ní nǹkan bí ọdún méje lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni mo pàdé ọkọ mi. Ó ń ṣe búrẹ́dì gígùn bí àwọn Faransé ṣe ń ṣe é, ó sì máa ń fi kẹ̀kẹ́ gbé e gba Ifọ̀nyìntẹ̀dó wá tà níhà ọ̀dọ̀ wa. Abúlé rẹ̀ wà lódìkejì ààlà, kò jìnnà sí Pọ́bẹ̀. Wọ́n ti yí orúkọ orílẹ̀-èdè náà kúrò ní Dàhòmì sí Benin, ṣùgbọ́n ilẹ̀ Faransé ni àwa ṣì ń pè é. Ó sọ fún mi pé òun ti ní ìyàwó rí, pé ó ti kú. Kò sọ ohun tó pa á, èmi náà ò béèrè. Wọ́n ṣe ìdána, mo sì bá a lọ.

Bàbá mi sọ fún mi lọ́jọ́ tí mo fẹ́ lọ pé, "Fẹ́ ọkọ, má fẹ́ ìlú ọkọ." Ó ní kí n lọ gba káàdì àlejò tí mo bá ti dé ọ̀hún. Bí mo bá rán ọkọ mi létí, á ní, "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀.

Ìyálé mi ló là mí lójú sí ìyókù. Nínú ìdílé ọkọ mi, bí obìnrin bá kú pẹ̀lú oyún, ẹnikẹ́ni nínú ilé ọkọ kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀ mọ́, wọn kò sì gbọdọ̀ fẹnu ara wọn sọ pé ó kú, àyàfi bí ìyá tó bí i lọ́mọ bá kọ́kọ́ wá dúró níwájú wọn, tó sọ ọ́. Ìyá obìnrin yìí kò wá. Ó bínú nítorí pé gbogbo ẹrù ọmọ rẹ̀ ni wọ́n kó lọ sígbó, wọn kò fún un ní nǹkan kan. Nítorí náà, nígbà tí akọ̀wé bá dé lọ́dọọdún, tó bá pe orúkọ náà, wọ́n á ní ó wà lóko, wọ́n á sì san owó orí rẹ̀. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn láti máa sanwó fún òkú ju kí wọ́n la ẹnu sọ pé òkú ni.

Mo bá ìyá ọkọ mi jà lórí rẹ̀, bí ìyàwó ṣe lè bá ìyá ọkọ jà, ìyẹn ni pé mo kúnlẹ̀, mo sì sunkún.

"Màmá, ẹ fi mí sínú orúkọ òkú."

"Mo fi ọ́ sábẹ́ òrùlé ni," ó wí. "Ṣé o ò rí bí àwọn sójà ṣe ń kó àwọn àlejò sínú ọkọ̀? Orúkọ wà nílẹ̀, káàdì wà nílẹ̀, owó orí ti san. Wọ inú rẹ̀ kí o jókòó jẹ́ẹ́."

Òótọ́ ni pé ìlú náà kò fara balẹ̀ nígbà náà. Àwọn sójà ló ń ṣèjọba, ìbẹ̀rù àlejò sì ti wọ̀ wọ́n lára. Ìyá ọkọ mi nawọ́ káàdì kan sí mi. Fọ́tò obìnrin náà wà lára rẹ̀. Ó wé gèlè kékeré, ó pa ẹnu dé, ó ń wo ènìyàn tààrà. N kò fẹ́ wò ó pẹ́. Ṣùgbọ́n mo gbà á.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti yí padà. N kò sọ pé iwin ni o. Mo kàn ń sọ bó ṣe rí. Àwọn ará ilé, tí wọ́n ti máa ń pè mí ní "Ìyàwó Ìlaròó," bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní "Ìyàwó" lásán. Àwọn ọmọdé tó máa ń sáré wá bá mi kò wá mọ́. Ìyá ọkọ mi ń bu ata sí ọbẹ̀ mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ ni n kò fẹ́ràn ata, kò sì béèrè lọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ kan ní ọjà Pọ́bẹ̀, obìnrin kan tó ń ta ìkòkò pè mí. Ó ti dàgbà, ojú rẹ̀ kò ríran tó. Ìyá ọkọ mi ló dúró tì mí, bóyá òun ló dá mọ̀. Ó fa ìkòkò aláwọ̀ dúdú kan jáde lábẹ́ àtẹ.

"Gbé ẹrù rẹ, jàre. O sanwó, o ò padà wá. Ṣé wọ́n ń kó ìkòkò pa mọ́ fún ènìyàn pẹ́ tó báyìí ni?"

Mo ní, "Màmá, èmi kọ́."

"Bí kì í bá ṣe ìwọ, ta wá ni ọ́?"

Mo fẹ́ sọ orúkọ mi. Ọlọ́pàá kan ń ra iṣu ní ẹ̀gbẹ́ wa, káàdì òkú sì wà lábẹ́ ìró mi. Mo gbé ìkòkò náà. Nígbà tí a délé, ìyá ọkọ mi gbé e ka iná, bí ẹni pé ó ti ń retí rẹ̀ tipẹ́.

Ní àkókò yẹn ni bàbá mi ránṣẹ́ sí mi pé àwọn agbowó-orí Ìlaròó ń wá mi. N kò san, n kò sì sọ fún wọn pé mo ti kó lọ. Ó ní kí n tètè wá kí ọ̀rọ̀ náà tó di ti kóòtù.

Bí mo ṣe dé ojú ibodè, sójà kan níhà tọ̀hún gba káàdì lọ́wọ́ mi. Ó wo fọ́tò, ó wo ojú mi, ó tún wo fọ́tò. Mo ti ń retí kó pariwo. Ó dá a padà fún mi. "Ìwọ náà ni," ó wí, ó sì gbé igi ọ̀nà sókè.

Ìwọ náà ni. Ọ̀rọ̀ yẹn bá mi rìn títí mo fi dé ọ̀dọ̀ àwọn aṣọ́bodè tiwa. Mi ò fẹ́ kí wọ́n rí káàdì náà, ṣùgbọ́n ọ̀gá kan níbẹ̀ tú báàgì mi, ó sì rí i.

"Màdámù, ọjọ́ wo lẹ ń padà sílùú yín?"

"Ìlú mi nìyí, sà. Ọmọ Ìlaròó ni mí."

"Ohun tó wà lọ́wọ́ yín kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Kétu ń sọ ọ́, Pọ́bẹ̀ ń sọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé ẹnu ni wọ́n fi ń mọ ọmọ ìlú, kí la fẹ́ máa ṣe níbí? Ọjà lẹ wá ná. Kí ẹ ná an tán, kí ẹ máa lọ o."

Báyìí ni mo ṣe wọ ìlú bàbá mi gẹ́gẹ́ bí àlejò.

Èmi àti bàbá mi jọ lọ sí ọ́fíìsì owó orí. Ọkùnrin kan tó wọ awò ojú ló dá wa lóhùn. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìdí igi máńgòrò dé ojú ibodè. Nígbà tí mo gbé káàdì náà síwájú rẹ̀, ó sún àga rẹ̀ sẹ́yìn, ó sì fi ìdí bírò tì í padà sọ́dọ̀ mi. Kò fọwọ́ kàn án.

"Ọ̀rọ̀ méjì ló lọ́ mọ́ra yìí," ó wí. "Ibi tí ènìyàn ń gbé, tó ti ń ṣiṣẹ́ jẹun, ibẹ̀ ni yóò ti máa san owó orí. Ìyẹn ò sọ ọ́ di ọmọ ibẹ̀. Bí ẹ bá fi hàn wá pé ọ̀hún lẹ ń gbé, a ó yọ yín kúrò nínú tiwa, ọmọ Ìlaròó lẹ ṣì jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lọ gba jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè mìíràn, òfin wa kò gbà kó di méjèèjì mú. Ẹ̀yin wá lọ gba ti òkú!"

"Wọ́n ní kí n dáhùn ni, sà."

"Ṣé ẹ ti fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó lọ́hùn-ún?"

"Rárá. Ìdána nìkan la ṣe."

"Ọlọ́run yọ yín. Mo gbọ́ pé òfin ibẹ̀ sọ obìnrin tó bá fẹ́ ọmọ wọn di ọmọ ìlú wọn, àfi bó bá kọ̀ kó tó fọwọ́ síwèé. Ẹ lọ kọ̀. Ẹ gba káàdì àlejò lórúkọ ara yín, kí ẹ san owó orí wọn lórúkọ ara yín, kí ẹ wá fi hàn wá."

Bàbá mi ní, "Bó bá wá bímọ kí ó tó rí i ṣe ńkọ́?"

Ọkùnrin náà yọ awò ojú rẹ̀. "Bàbá, ọmọ òkú ni wọ́n máa kọ ọ́ sí."

Bàbá mi fẹ́ kí n má padà mọ́. Ó bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ọkọ mi, mo sì mọ̀ pé bí mo bá dúró sí Ìlaròó, obìnrin tó dáhùn yẹn ṣì wà lábẹ́ máńgòrò, ohùn mi sì ni ohùn rẹ̀. Mo padà lọ.

Mo bá ọkọ mi nídìí ààrò búrẹ́dì rẹ̀. Mo ní, "Lọ sọ fún akọ̀wé pé ó ti kú."

"Ẹnu mi ò gbọdọ̀ sọ ọ́."

"Ta lẹnu rẹ̀ lè sọ ọ́?"

"Ìyá rẹ̀. Kò sì ní gbà wá sílé."

"Fi ọ̀nà hàn mí."

Ó gbé mi lórí kẹ̀kẹ́ dé ibi tí ọkọ̀ wà, a wọ ọkọ̀ lọ sí ìhà Kétu. Nígbà tó ku díẹ̀ ká wọ abúlé náà, ọkọ mi dúró. Ó kó búrẹ́dì tó gbé wá lé mi lọ́wọ́, ó ní òun ò lè wọlé. Mo dá lọ.

Ìyá àgbà náà ń bó ẹ̀gúsí níwájú ilé. Àwo oúnjẹ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dé e. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ilé tí mo ti wá. Kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró.

"Wọ́n ní ọmọ mi dáhùn," ó wí. "Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ni mo ti ń gbé oúnjẹ sílẹ̀ láràárọ̀. Mo mọ̀ pé kò lè wá. Ṣùgbọ́n bó bá wá ńkọ́, kí ó bá ìkòkò òfìfo?"

Mo ní, "Màmá, èmi ni mo dáhùn. Wọ́n ní kí n dáhùn."

"O ò lẹ́nu láti sọ pé rárá?"

"Ẹ̀rù ló bà mí."

"Ó ṣì ń bà ọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Mo lóyún."

Ìgbà náà ló tó gbé ojú sókè. Mo mú káàdì jáde, mo fi fọ́tò hàn án. Ó gbà á, ó sún un mọ́ ojú, ó gbé e jìnnà. Ó ní òun kò mọ̀ pé wọ́n ya fọ́tò ọmọ òun rí.

Mo ní, "Wọ́n ní mo jọ ọ́."

"Àwọn ta ni?"

"Sójà ibodè."

"Sójà!" Ó rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀gúsí dànù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. "Ọmọ mi tí ọrùn rẹ̀ gùn, tí orí rẹ̀ rí ṣóńṣó? Wo orí rẹ bí agbọ̀n ọsàn! Ẹ ò jọra níbì kankan. Kò jọ ọ́, o ò jọ ọ́. Ṣé o gbọ́?"

Mo gbọ́. Mo sunkún níbẹ̀ bí ọmọdé. Ó ṣí àwo tó dé, ó tì í sí iwájú mi. N kò lè fọwọ́ kàn án.

"Màmá, oúnjẹ ta ni?"

"Kí ni wọ́n ń pè ọ́, ìwọ?"

Mo sọ orúkọ mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti sọ ọ́ sókè. Ó fi orúkọ náà pè mí, ó tún un pè, bí ẹni tó ń tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ló ní, "Oúnjẹ rẹ ni. Jẹun, aboyún kì í fi ebi ṣeré." Mo sì jẹ ẹ́.

Ó ní òun yóò bá mi lọ, ṣùgbọ́n òun yóò gba ẹrù ọmọ òun. Mo ní wọ́n ti kó gbogbo rẹ̀ sígbó. Ó gbé káàdì náà sókè. "Èyí ò dé igbó," ó wí.

Agbolé ọkọ mi ló kọ́kọ́ dé. Ó dúró láàárín agbolé ní ọ̀sán gangan, ó pe orúkọ ọmọ rẹ̀, ó sì sọ pé ó ti kú. Ìyá ọkọ mi dojú bolẹ̀, ó ń sọ pé, "Ẹ ṣàánú mi." Ìyá àgbà náà rékọjá lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì a lọ bá akọ̀wé ní ọ́fíìsì rẹ̀ ní Pọ́bẹ̀.

Akọ̀wé gbọ́ ọ tán, inú bí i. Ọlọ́pàá ọjọ́ kíka orí náà wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Òkú kì í dáhùn, Màmá. Ẹnì kan dáhùn lábẹ́ máńgòrò, mo fàmì sí i. Ta ni?"

Mo mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ni bí mo bá sọ̀rọ̀. Ọkọ mi ń la ẹnu, ìyá àgbà ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìwọ lo pe òkú ní ọ̀sán gangan, ọdọọdún lo ń pè é. Ó wá dáhùn tán, o ń béèrè ẹni tó dáhùn? Èmi tí mo bí i ò béèrè. Bó bá wù ọ́, tún un pè nísinsìnyí."

Bírò akọ̀wé dúró lókè. Ó wo ọlọ́pàá, ọlọ́pàá wo ìta. Afẹ́fẹ́ kò fẹ́ níbẹ̀. Mi ò purọ́, èmi náà ń retí ẹni tó máa dáhùn.

Akọ̀wé kò pe ẹnikẹ́ni. Ó fi bírò pa orúkọ náà rẹ́, ó fa ìlà gba orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi abẹ ṣí fọ́tò kúrò lára káàdì, ó fún ìyá àgbà, ó sì ya ìyókù. Obìnrin náà di fọ́tò mọ́ etí ìró rẹ̀, ó kí ọkọ mi, ó sì wọ ọkọ̀ padà sílé. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, mo gba káàdì àlejò pẹ̀lú ojú ara mi lára rẹ̀, mo sì san owó orí. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi fẹ́ fọwọ́ síwèé ìgbéyàwó, wọ́n bi mí bí mo bá fẹ́ di ọmọ ìlú wọn. Mo ní rárá. Ọkọ mi ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí kíkọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, inú rẹ̀ ò sì bàjẹ́.

Oyún mi ti tóbi nígbà tí mo kó gbogbo ìwé náà lọ sí Ìlaròó. Ọkùnrin awò ojú náà yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fọwọ́ ara rẹ̀ mú káàdì.

"Ibo lẹ ń gbé?"

"Ìtòsí Pọ́bẹ̀."

"Ọmọ ibo ni yín?"

"Ọmọ Ìlaròó."

Ó kọ èkíní, ó kọ èkejì sábẹ́ rẹ̀. Ó ní mo ti kúrò nínú àwọn tí wọ́n ń wá, pé kò sí ẹjọ́ kankan lọ́rùn mi, pé bí mo bá fẹ́ bímọ sílé bàbá mi, kí n bí i. Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn.

Bàbá mi ń dúró dè mí níta, ó fi agboòrùn tí ilẹ̀.

"Ṣé ó ti parí?"

"Ó ti parí, Bàbá."

Ó wo ojú sánmà níhà Òkè-Ọ̀dàn, òjò ti ṣú. "Jẹ́ ká tètè máa lọ," ó wí, "o ò lè sáré mọ́."